Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Orin Mi

Mo gbá Zinsu létí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi, kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló jókòó sínú yàrá náà, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n dijú bí ẹni tó ń gbàdúrà. Èmi Morìnsọ́lá ọmọ Akíndé, tíṣà tí kò na ọmọ iléèwé rí, mo dìde, mo sì fọ́ ọkùnrin tí mo fẹ́ràn jù lọ láyé létí. Ó dún. Nínú yàrá tí wọ́n fi tìmùtìmù bo gbogbo ògiri rẹ̀ kí ohun gbogbo lè dún ketekete, ìgbátí náà dún ju gbogbo orin tí a ti gbọ́ láti àárọ̀ lọ.

Ọjọ́ Sátidé ni. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ orin olówó ńlá kó ara wọn jọ láti Èkó, wọ́n gba ilé ìgbafẹ́ kan létí òkun ní Badagry níbí. Wọ́n ní ariwo Èkó ti pọ̀ jù, àwọn fẹ́ ibi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò ti ní máa bá orin àwọn jà. Yàrá mẹ́sàn-án, ẹ̀rọ mẹ́sàn-án. Èèyàn á wọlé, á wá àga jókòó, wọn á fi orin sí i, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yanu. Zinsu ti ń sọ ọ́ fún mi láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Òun náà kan sípíkà méjì, igi àgbọn erékùṣù Gberefu ló fi ṣe àpótí wọn, Alhaji Muhyideen tó ń ta ámpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, sì ní kó gbé wọn wá sí yàrá òun, yàrá kẹsàn-án.

"Ṣáà wá," Zinsu ní. "Ìdí kan wà tí mo fi fẹ́ kí o wà níbẹ̀."

Mo rò pé òrùka ni. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ka ìwé ìfẹ́ tó èyí tí mo kà lábẹ́ tábìlì nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ijanikin, bí ọkùnrin bá ti lè ní "ìdí kan wà", òrùka ni ọkàn rẹ̀ máa lọ. Mo lọ ṣe irun. Mo kun èékánná ọwọ́ òsì mi lẹ́ẹ̀mejì.

Yàrá kìíní, sípíkà ibẹ̀ ga jù mí lọ, ẹnu rẹ̀ là bí òdòdó. Wọ́n fi orin fèrè sí i. Fèrè náà kò jáde láti inú sípíkà rárá. Àárín yàrá ló dúró sí, níbi tí nǹkankan kò sí, bí ẹni pé ẹni tó ń fọn ún wà níbẹ̀, ó kàn fi ara pamọ́ ni. Mo na ọwọ́ síbẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́wọ́ yín," ọkùnrin kan wí. "Ẹ̀ ń dí orin lọ́nà."

Yàrá kẹta, báàsì wọnú ìkùn mi kó tó dé etí mi. Eyín mi gbọ̀n. Gbogbo rẹ̀ tóbi, kò sí èyí tó dùn nínú rẹ̀, ó dà bí ẹni tó ń fi agídí mú ni rẹ́rìn-ín. Yàrá kẹrin ni mo fẹ́ràn. Gílóòbù kéékèèké ló wà lórí ámpù tibẹ̀, wọ́n pọ́n bí ẹyin iná, obìnrin kan sì ń fi èdè tí n kò gbọ́ kọrin. Ohùn rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ògì àárọ̀. Omi lé sí mi lójú. Zinsu tẹ̀ mọ́ mi létí.

"Má jẹ́ kó tàn ọ́ jẹ," ó ní. "Ámpù yìí ń pọ́n gbogbo ohùn lé ni. Bí òpùrọ́ bá kọrin nínú rẹ̀, olóòótọ́ ló máa dà lójú rẹ."

"Jẹ́ kó tàn mí jẹ, ó dùn mọ́ mi."

Ní yàrá keje, wọ́n ń jà lórí wáyà. Wáyà lásán! Ó nípọn bí ọrùn ọwọ́ mi. Ẹni tó ni ín ní bí èèyàn bá lo wáyà òun, òkùnkùn tó wà lẹ́yìn orin á túbọ̀ dúdú. Mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ dákun, òkùnkùn báwo?" Wọ́n wò mí bí ìgbà tí mo tutọ́ sínú omi ìrìbọmi. Wọ́n wá fi dùùrù sí i. Mo gbọ́ èékánná ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ bí àga rẹ̀ ṣe ké nígbà tó yíra.

"Mi ò fẹ́ mọ̀ pé àga rẹ̀ ń ké," mo sọ fún Zinsu.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ wá nìyẹn."

Kí n tó mú yín wọ yàrá kẹsàn-án, ó yẹ kí ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ wa ti rí.

Sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì wa ló mú wa pàdé. Bàbá mi ni olùkọ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa, bí wọ́n bá sì ti gbé orin ìyìn sókè lọ́jọ́ ìsinmi, sípíkà á máa hu bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin Ègùn kan ní òdìkejì ọ̀sà. Ọjọ́ tó wá, èmi nìkan ni mo wà nílé Ọlọ́run, mò ń to ìwé orin.

"Ẹ bá mi dúró nídìí máìkì, kí ẹ máa ka ení, èjì," ó ní.

"Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mo jọ lójú yín ni?"

"Ẹ kọrin nígbà náà."

Mo kọrin. Ó yí nǹkan kan, ó tẹ́tí, ó tún yí òmíràn. Lẹ́yìn náà ó pa gbogbo ẹ̀rọ náà, ó wá jókòó sórí àga iwájú.

"Ẹ ti pa á," mo ní.

"Mo mọ̀. Ohùn yín ò yẹ sípíkà yìí. Bí mo bá tún un ṣe dọ̀la, kò lè yẹ ẹ́."

Ẹ sọ fún mi, ta ni kò ní fẹ́ irú èèyàn bẹ́ẹ̀?

Bàbá mi náà fẹ́ràn rẹ̀, tàbí bí mo ṣe rò nìyẹn. "Ọmọ mi onísípíkà" ló ń pè é. Bí Zinsu bá gbé ẹja wá láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, bàbá mi ni yóò mú orí rẹ̀, yóò fa egungun rẹ̀ mu tán, yóò ní kò sẹ́ni tó mọ ẹja yan bí ìyá Zinsu. Nígbà tí àwọn èèyàn Zinsu fẹ́ tọrọ mi, wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ. Nínú ẹbí tiwa, bàbá ọmọ kì í dá sí i títí alárinà á fi parí iṣẹ́ rẹ̀. Àbúrò bàbá mi, Àǹtí Tẹjúmádé tó ń ránṣọ ní Ajara, ni alárinà wa.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Àǹtí jíṣẹ́ fún wa, ó ní, "Bùọ̀dá mi ò ní ohun tí wọ́n ń sọ. Èmi ni mi ò fẹ́. Èmi tí mo wẹ ọmọ yìí nígbà tí ìyá ẹ̀ kú, mi ò gbà kó sọdá omi." Ìgbà kejì, bákan náà. Ìgbà kẹta, bákan náà. Ọdún kan àti oṣù méjì.

Mo kórìíra obìnrin náà. Mo lọ gba aṣọ tí mo ní kó rán fún mi padà láìrán. Lọ́jọ́ kan mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, mo ní nítorí pé òun ò rọ́kọ fẹ́ ni kò ṣe fẹ́ kí èmi rí. Bí mo bá sì délé, bàbá mi á fi ọwọ́ pa mí lórí. "Àbẹ̀kẹ́ mi, fara balẹ̀. O mọ bí àǹtí rẹ ṣe le tó. Mò ń bá a sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀."

Díẹ̀díẹ̀! Ẹ jẹ́ kí n máa bá ìtàn mi lọ.

Yàrá kẹsàn-án kún. Alhaji Muhyideen dúró níwájú, fìlà funfun, ó fi ọwọ́ lé orí sípíkà Zinsu bí ẹni tó ń fi ọmọ hàn. "Ọmọ Badagry ló kan èyí," ó ní. "Igi àgbọn Badagry ni. Ohùn tí ẹ máa gbọ́ yìí náà, ọmọ Badagry ni." Zinsu wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo tẹ́ ọwọ́ òsì mi sórí orúnkún, èékánná mi ń dán.

Ohùn tó jáde, èmi ni.

Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí. Mo wà lórí àga, mo sì tún wà níwájú, láàárín sípíkà méjèèjì, mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé wa, mò ń họ àgbọn. Mo gbọ́ ọ̀bẹ. Mo gbọ́ adìyẹ wa tó ń tan ilẹ̀ lápá ọ̀tún. Zinsu ti wá sílé wa lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ fi mí dán máìkì tuntun wò. Mo gbàgbé máìkì náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí ìyá mi fi máa ń rẹ̀ mí lẹ́kún. N kò kọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí mo rántí máìkì, mo ní kó pa á rẹ́, ó ní ó dáa. Òun náà nìyí. Ní ìlà kejì, níbi tí ìyá mi ti máa ń pe orúkọ mi, mo gbọ́ bí mo ṣe dúró, tí mo gbé nǹkan mì, tí mo tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ìyẹn," ọkùnrin kan wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn mi. "Ó gbé itọ́ mì. Sípíkà lásán ò lè mú ìyẹn."

Ẹnìkejì rẹ̀ mirí bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò.

Itọ́ kọ́. Ẹkún ikú ìyá mi ni mo gbé mì. Wọ́n jókòó, wọ́n ń tọ́ ọ wò.

Mo ti gbé báàgì mi láti jáde nígbà tí mo gbọ́ wọn. Lápá òsì ni, lẹ́yìn orin mi, ó jìnnà díẹ̀: fèrèsé yàrá àlejò wa. Bàbá mi àti Àǹtí Tẹjúmádé ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Bùọ̀dá mi, ẹ ro ọ̀rọ̀ ọmọ yìí," Àǹtí ń wí. "Zinsu kì í ṣe ọmọ burúkú. Ẹ jẹ́ kí n ní kí wọ́n máa bọ̀."

"Tẹjúmádé, mo ti sọ ọ́." Ohùn bàbá mi tutù, ohùn tó fi ń ṣàdúrà oúnjẹ. "Ọmọ mi kò ní bá Ègùn sọdá omi lọ máa yan ẹja. Ṣùgbọ́n kó má ti ẹnu mi jáde o. Sọ fún wọn pé ìwọ lo ò fẹ́. Bó bá máa bínú, ìwọ ni kó bínú sí. Èmi fẹ́ kí ọmọ mi máa rẹ́rìn-ín sí mi."

Adìyẹ ké. Mo bọ́ sí ìlà kẹta orin mi.

Zinsu ti dìde, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo gbá a létí.

Ó sá tẹ̀lé mi dé orí iyanrìn. Oòrùn wà lókè gan-an, ìgbì òkun ń lu etíkun, kò sẹ́ni tó gba tíkẹ́ẹ̀tì kó tó gbọ́ ìyẹn.

"Morìn! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, mi ò mọ̀ pé wọ́n wà nínú ẹ̀!"

"Ta ló bi ọ́ nípa wọn? Mo ní kí o pa á rẹ́ lọ́jọ́ yẹn. O ní kí ni?"

Ó ń fi ẹsẹ̀ wa iyanrìn.

"Mo ní o ní kí ni?"

"Mo ní ó dáa."

"Ó dáa! O wá gbé ẹkún mi wá fún àwọn oníwáyà láti jẹ bí ẹ̀pà!"

"Gbọ́ mi ná. Àwa tí à ń kan sípíkà, ohùn tí a mọ̀ jù la fi ń dán an wò. Bí sípíkà bá purọ́ mọ́ ohùn tí o mọ̀ délẹ̀, kíá lo máa mọ̀. Ta ni mo tún mọ̀ tó ìwọ? Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ìgbà tí mo ti gbọ́ orin yẹn. Òun ni mo fi mọ ibi tí màá ti gé igi."

"Ọgọ́rùn-ún ìgbà, o ò gbọ́ bàbá mi?"

"Lórí sípíkà kékeré tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ńṣe ló ń dún bí ẹni tó ń kùn nínú ìkòkò. Mi ò kọbi ara sí i. Ìwọ nìkan ni mò ń gbọ́."

Nínú àwọn ìwé tí mo máa ń kà, ibi tí ọmọbìnrin ti máa ń ṣubú sí ọkùnrin láyà nìyẹn. Mo bọ́ bàtà mi, mo sọ ọ́ lù ú.

"Èmi kì í ṣe ohun tí o fi ń wọn igi," mo wí. "Má pè mí."

Bàtà kan ni mo fi wọ ọ̀kadà dé Ajara. Àǹtí Tẹjúmádé wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó fi abẹ́rẹ́ há ẹnu. Ó tó ọdún kan tí mo ti dé ibẹ̀ kẹ́yìn.

"Ta ni mò ń wò yìí?" ó ní. "Ìyàwó Ègùn tí kì í kí èèyàn? Bàtà ẹ kejì dà?"

"Àǹtí, kí ló dé tí ẹ fi purọ́ fún mi?"

"Irọ́ wo?"

Mo ka ọ̀rọ̀ bàbá mi fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó gún un mọ́ aṣọ.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Bàbá mi. Nínú sípíkà, níwájú èèyàn mẹ́tàdínlógún. Àǹtí, mo bú yín. Mo bú yín níbí yìí, níwájú àwọn oníbàárà yín. Ẹ ò fèsì."

"Kí n fèsì kí n ní kí ni? Iṣẹ́ alárinà nìyẹn, wọn kì í rán ni níṣẹ́ adùn nìkan. Kí n ní bàbá ẹ ni? Ìwọ àti ta ni yóò wá jọ máa gbélé?"

"Ó yẹ kí ẹ sọ fún mi!"

"Má pariwo mọ́ mi, Morìnsọ́lá. O ti pariwo mọ́ mi fún odidi ọdún, ó tó gẹ́ẹ́." Ojú rẹ̀ pọ́n. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé inú ti ń bí òun náà láti ọjọ́ pípẹ́, kò kàn rí ẹni tí yóò bínú sí ni. "Gbé àga yẹn jókòó. Má dúró lẹ́nu ọ̀nà bí agbowó-orí."

Mo jókòó. Mo fẹ́ sunkún, ìbínú kò jẹ́ kó jáde.

Bàbá mi ń jẹun ọ̀sán nígbà tí mo padà délé. Ẹja ló ń jẹ.

"Àbẹ̀kẹ́ mi! Orin olówó ńlá ńkọ́? Ṣé ó dùn?"

"Mo gbọ́ ohùn yín níbẹ̀, Bàámi."

Mo tún ka ọ̀rọ̀ náà. Ó rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu, ó kàn dúró síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ.

"Ẹ̀rọ lè purọ́," ó ní.

"Ẹ̀rọ ò mọ orúkọ Àǹtí Tẹjúmádé."

"Ọmọ mi, gbọ́. Ìwọ nìkan ló kù fún mi. Bí mo bá ní rárá, wàá kórìíra mi."

"Ẹ wá jẹ́ kí n kórìíra àǹtí mi."

"Tẹjúmádé lágbára," bàbá mi wí. "Ó lè gbé e."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú rí láyé mi. N kò gbọ́ èyí tó burú tó ìyẹn, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Ọgbọ̀n ọdún lẹ ti ń jẹ ẹja Ègùn. Òun lẹ̀ ń jẹ lọ́wọ́ yìí!"

"Ẹja yàtọ̀ sí àna."

Mo gbé àwo náà kúrò níwájú rẹ̀. Mo gbé e lọ sílé ìdáná, mo dé e, mo sì jókòó tì í títí ó fi tutù. Ṣé ìyá mi tó máa ń rẹ̀ mí lẹ́kún, irú ọkùnrin yìí ló fẹ́? Ṣé èmi náà ò tún ti lọ fẹ́ ọkùnrin mìíràn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ní "ó dáa" láì ṣe é?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò gbé ìpè Zinsu. Lọ́jọ́ Wẹsidé kan, nígbà tí iléèwé jáde, mo bá a lábẹ́ igi fúrúùtù níwájú géètì. Ó gbé bàtà mi kan dání, ó ti fọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi dúró, wọ́n ń wò.

"Ẹ máa lọ sílé," mo sọ fún wọn. Kò sẹ́ni tó lọ.

"Mo ti pa á rẹ́," Zinsu wí. "Nínú fóònù, nínú kọ̀ǹpútà, níbi gbogbo. Èyí tó wà lọ́wọ́ Alhaji náà, èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa á rẹ́, níwájú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé sípíkà mi lọ sí ìpàtẹ ẹ̀rọ orin ní ìlú Àkírà. Alhaji ní láìsí orin yẹn, kí n gbé igi mi kúrò nílé òun. Mo gbé e kúrò."

"O wá fẹ́ kí n kí ọ kú iṣẹ́?"

"Rárá. Mo ṣẹ̀ ọ́."

Kò tún sọ pé àwọn tó ń kan sípíkà báyìí, àwọn tó ń kan sípíkà bẹ́ẹ̀. Ó dúró, bàtà ń kán omi sí i lẹ́sẹ̀.

"Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Mi ò tíì dárí jì ọ́."

"Ṣé wàá ṣì fẹ́ mi?"

"Ìyẹn yàtọ̀." Mo gba bàtà mi. "Sọ fún ìyá rẹ kí wọ́n máa bọ̀ ní Sátidé. Kí wọ́n má rán alárinà kankan síwájú."

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé náà ni wọ́n gúnlẹ̀: Zinsu, ìyá rẹ̀, àti àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ méjì. Mo ti sọ fún bàbá mi pé wọ́n ń bọ̀, mo sì ti pe Àǹtí náà wá. Ó kàn ní, "Inú ilé mi ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn," ó sì wọ agbádá. Nígbà tí wọ́n wọlé, ó di ìyá Zinsu lọ́wọ́ mú, ó yin ẹja rẹ̀, ó bèèrè ọ̀sà, ó bèèrè ìrìn àjò. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ̀ bá ní kò sí àna tó dára tó o.

Ìyá Zinsu kò jókòó. Obìnrin kúkúrú ni, èdè Ègùn ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ṣa Yorùbá bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

"Tíṣà, a kí yín. Yorùbá mi kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni mo ní. Ẹ fún wa, àbí ẹ kò fún wa?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ìyá wa, ẹ jókòó ná, ẹ mu omi." Ó yíjú sí apá òsì, síbi tí Àǹtí Tẹjúmádé jókòó sí. "Tẹjúmádé, bá wa ṣàlàyé fún wọn."

"Àlàyé wo, Bùọ̀dá mi?"

"Ìwọ náà mọ ọ̀rọ̀ náà."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n." Àǹtí dìde. Ó gbé àga rẹ̀, ó wọ́ ọ kọjá níwájú gbogbo wa, ẹsẹ̀ àga ń ké lórí táìsì, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá Zinsu, ó jókòó, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. "Ó ti rẹ̀ mí, Bùọ̀dá. Ẹ sọ ọ́ fúnra yín."

Bàbá mi wo àyè tí àga náà ti kúrò. Ó wá wò mí. N kò rẹ́rìn-ín sí i.

"Rárá," bàbá mi wí.

Ó tún apá agbádá rẹ̀ gbé, ó tún un sọ. "Rárá. Mi ò fún yín. Kì í ṣe Tẹjúmádé. Èmi ni."

Ìyá Zinsu mi orí lẹ́ẹ̀kan. "Awanu," ó dúpẹ́ ní Ègùn. "Ẹ ṣé tí ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín." Ó ń tún ìró rẹ̀ ró láti máa lọ. Zinsu kò wo ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún, ó dì wọ́n bí ẹni tó di okùn ọkọ̀ mú.

"Ẹ má tíì lọ, Mà," mo wí. "Bàámi ti sọ tiwọn. Ó ku tèmi." Mo dìde, mo fi ọwọ́ ti ògiri. "Mo gbà. Mo gbà láti fẹ́ Zinsu. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù tó ń bọ̀, ní kóòtù. Àǹtí mi ló máa dúró fún mi. Bàámi, bí ẹ bá fẹ́ wá, ẹ máa bọ̀. Bí ẹ ò bá sì fẹ́, ẹ tún fi ẹnu yín sọ ọ́."

"Àbẹ̀kẹ́." Bàbá mi ò gbé ojú sókè. "O ti kórìíra mi."

"Mi ò kórìíra yín. Inú ló ń bí mi sí yín. Ẹ ò jẹ́ kó bí mi sí yín rí láti ọjọ́ tí ẹ ti bí mi, gbogbo rẹ̀ lẹ gbé fún Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n bínú tẹ́rùn."

Mo gbọ́ tí àwọn ọmọ aládùúgbò ń gbá bọ́ọ̀lù lójú pópó.

"Ó dáa," bàbá mi wí. "Máa bínú."

Mo sì ń bínú. Mo gbé báàgì ìyá Zinsu, èmi àti ọmọ rẹ̀ sì jọ sìn wọ́n lọ sí etí ọ̀sà, mo ṣì ń bínú sí òun náà nígbà tí a dé ìdí ọkọ̀.